Páálí Tí Wọ́n Gbé fún Sàlámọ̀tù

Sàlámọ̀tù, ìyàwó Nùrúdíìnì ará Àpòmù, kò fẹ́ràn abánikẹ́dùn. Láti ọjọ́ tí àpò kòkó ti já láti orí ọkọ̀ akẹ́rù lu ọkọ rẹ̀ ní Gbọ̀ngán, tó sì ṣẹ́ ẹ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ti rí oríṣiríṣi wọn. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi etí aṣọ bo imú bí ẹni tó ń nu òógùn, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo Bàbá sàn." Bí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, Sàlámọ̀tù á pòṣé. "Ẹ wò ó. Àmín tí mo ṣe gan-an pọ̀ ju àdúrà ẹ̀ lọ."

Kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí, Ìkirè ló ti ń ṣòwò. Àárọ̀ kùtù ló máa ń ti Àpòmù lọ, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á máa dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀, dòdò dúdú tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń torí ẹ̀ dá ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun wà tàbí kò sí kò ṣeé fi sílẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní láti yí i padà kí egbò má baà gba ìdí ẹ̀, kó da ìtọ̀ inú rọ́bà nù, kó fọ aṣọ, kó fún un lóúnjẹ, kó tún yí i padà. Rásákì ọmọ wọn wà ní Ìbàdàn níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́. Orí fóònù ni òun ti ń tọ́jú bàbá ẹ̀. Báyìí ni Sàlámọ̀tù ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí àìsàn kò mú lára Nùrúdíìnì ni ẹnu ẹ̀. Nígbà tí rédíò polongo pé ìjọba fẹ́ máa fún àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí aláìsàn ilé wọn lówó lóṣooṣù, òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìjọba tí kò mọ̀ bóyá mo wà láyé," ó ní, "ṣé ẹni tó ń da ìtọ̀ mi nù ló máa wá mọ̀?"

Sàlámọ̀tù ní kó dákẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ṣe tán láti gba ohunkóhun gbọ́. Ìrọ̀rùn Olùtọ́jú ni wọ́n pe ètò náà, ẹni tó sì ń gbé e kiri agbègbè wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀kúnlé, tí bàtà ẹ̀ ń dán ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ilé wọn, kò wọ yàrá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ló na ọrùn wo aláìsàn bí ẹni ń wo inú kànga.

"Màmá, irú yín gan-an là ń wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ máa gbé Bàbá wá sí pápá ní Ìkirè o. Àwọn ọ̀gá wa ní láti fojú ara wọn rí wọn."

"Ẹni tí kò lè dìde?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Màmá. Ẹ ṣáà gbé wọn wá."

Nùrúdíìnì gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú tí o fi ń wò mí báyìí, ṣé ojú adìyẹ ni tí kò fi tó fún ìjọba?"

Ayọ̀kúnlé rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dìjà láàárín tọkọtaya. Nùrúdíìnì ní òun ò lọ síbì kankan, òun kì í ṣe láfún tí wọ́n máa sá sóòrùn. Ó sọ ọ́ títí. Sàlámọ̀tù kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀ tí ọṣẹ ti jẹ.

"Bàbá Rásákì," ó wí níkẹyìn, "ó rẹ̀ mí."

Ọkùnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn. "Ó dáa. Gbé mi lọ."

Bí wọ́n ṣe ká a sínú mọ́tò bí ẹní nìyẹn, ó di Ìkirè. Wọ́n ta àtíbàbà sí pápá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àga àwọn ọ̀gá tí wọn ò tíì dé ló wà lábẹ́ ẹ̀. Inú oòrùn ni wọ́n to àwọn aláìsàn sí ní ìjókòó. Arúgbó wà níbẹ̀, ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ò dúró wà níbẹ̀, ìyàwó ilé kan tó fi àbẹ̀bẹ̀ ṣíji bo ìyá ọkọ ẹ̀ lórí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá máa fi dé, ìrọ̀rí tí Sàlámọ̀tù tì sábẹ́ ọkọ ẹ̀ ti tutù fún òógùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí tó fi gbàgbé ohun tó wá sọ, ló bá ń kí ìyàwó ara ẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Wọ́n pe Sàlámọ̀tù síta. Wọ́n gbé páálí ńlá kan lé e lọ́wọ́, wọ́n ya á bí ìwé ìgbowó báńkì, òdo sì tò lọ bẹẹrẹ lára ẹ̀. Wọ́n gbé Nùrúdíìnì sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín," Ayọ̀kúnlé sọ ọ́ sí i létí.

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò tán, obìnrin kan gba páálí náà lọ́wọ́ ẹ̀. Sàlámọ̀tù rò pé wọ́n fẹ́ bá òun dì í ni. Ó rí i tí wọ́n gbé páálí kan náà fún ìyàwó tó ní àbẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí òun náà rẹ́rìn-ín.

"Páálí gan-an ò kárí," Nùrúdíìnì wí.

Ayọ̀kúnlé ní owó á wọ àkáǹtì wọn láìpẹ́. Owó ò wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ dé ni egbò. Àgbéjókòó ọjọ́ yẹn àti oòrùn ti bó ìdí Nùrúdíìnì, gbogbo ibi tí Sàlámọ̀tù ti fi ìnira dáàbò bò sì là. Ohun tó tẹ̀ lé e ni fọ́tò. Wọ́n gbé e kọ́ sójú títì láàárín Àpòmù àti Ìkirè, eyín Sàlámọ̀tù gùn tó apá èèyàn lórí ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: OLÙTỌ́JÚ TI RẸ́RÌN-ÍN.

Ẹni tó bá rí i rò pé owó ti dé. Ìbátan tí wọn ò rí rí wá láti Wásinmi, ó ní ẹ̀yáwó díẹ̀ ni òun wá fún. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà àsàlátù àdúgbò, tó máa ń gbé ẹ̀kọ wá, tó máa ń bá a pọnmi, dẹ́kun wíwá. Ajíbọ́lá tí ilé ẹ̀ kọjú sí tiwọn ló ṣíwájú wọn. "Ẹni tí ìjọba ń tọ́jú," ó ní, "kí la tún fẹ́ tọ́jú níbẹ̀?" Sàlámọ̀tù ṣàlàyé títí, wọ́n ní fọ́tò kì í purọ́. Nígbà tó yá, ó panu mọ́. Bó bá jẹ́ pé páálí lowó lójú wọn, kí wọ́n máa fi páálí ra gààrí.

Ó lọ sí ọ́fíìsì wọn títí bàtà ẹ̀ fi já. Ìgbàkígbà tó bá dé, Ayọ̀kúnlé wà ní mítìn. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ayọ̀kúnlé fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé, pẹ̀lú ayafọ́tò àti ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn rédíò dání.

"Màmá, apá kejì ètò ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ kàn sọ fún wọn pé owó náà tún ayé yín ṣe. Bí àwọn ọ̀gá bá gbọ́ ọ, orúkọ yín á wọlé lójú ẹsẹ̀."

"Á wọlé? Kò tíì wọlé láti ọjọ́ yìí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ti fọ́tò nìyẹn, kì í ṣe ti owó."

Sàlámọ̀tù wò ó láti fìlà dé bàtà. Lẹ́bàá ẹ̀rọ omi àdúgbò, àwọn obìnrin ti sọ garawa kalẹ̀, Ajíbọ́lá wà láàárín wọn. Sàlámọ̀tù yíjú sí fèrèsé yàrá. Ọkọ ẹ̀ gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ó ń wò ó. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà.

"Èmi ni Sàlámọ̀tù ìyàwó Nùrúdíìnì," ó wí, ohùn ẹ̀ sì kọjá títì. "Èmi lẹ ń rí lójú ọ̀nà tí mò ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀. Páálí ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n sì gbà á padà. Egbò tó wà ní ìdí ọkọ mi, inú oòrùn tí wọ́n gbé e sí ló ti kó o. Egbò yẹn nìkan ni wọ́n fún wa tí wọn ò gbà padà."

Ọkùnrin rédíò já ẹ̀rọ gbà. Ojú Ayọ̀kúnlé ti yí padà. "Màmá, ẹ ti ba tara yín jẹ́."

"Tara mi? Ó dáa. Wọlé, wá bá mi yí ọkọ mi padà kí o tó máa lọ. Òun náà lo ṣáà fi ń jẹun."

Ayọ̀kúnlé wo ìloro, ó wo bàtà ẹ̀. Ẹ̀rín Nùrúdíìnì ta jáde láti ojú fèrèsé. "Ìyá Rásákì, jẹ́ kó máa lọ. Á já mi bọ́."

Rédíò ò gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, owó náà ò sì dé títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Ajíbọ́lá gbé ẹ̀kọ wá pẹ̀lú omi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ìyá Rásákì, ẹ má bínú. A ò mọ̀ ni."

"Mo sọ fún yín," Sàlámọ̀tù dáhùn. Kò dúpẹ́, kò sì ní kò burú. Ó nawọ́ sí òkìtì aṣọ tó wà lẹ́yìn ilé. "Ọṣẹ wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì."

Ajíbọ́lá wo aṣọ náà, ó gbé ojú kúrò, ó tún wò ó, ó wá ṣán ìró mọ́dìí. Sàlámọ̀tù wọ yàrá, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ ẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó dùbúlẹ̀. Ó ń gbọ́ bí Ajíbọ́lá ṣe ń húkọ́ nítorí òórùn.

"Kò ì mọ́ ọn lára," Nùrúdíìnì wí.

Ìyàwó ẹ̀ ti sùn.