Jẹ́ Ká Lọ Sílé

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin mi nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn ìsìnkú tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèyàn jẹ. Lọ́sàn-án, bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, tí mo ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ sílé," yóò ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, yóò di irin géètì mú. Ẹni tó bá fẹ́ tú ọwọ́ rẹ̀, eyín ló máa bá pàdé. Àpá rẹ̀ ṣì wà lápá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Pobè. Wọ́n wo apá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ọmọ lo bí ni àbí ajá? Pàṣán ló ń wá, ìwọ ọ̀mọ̀wé ń bẹ̀ ẹ́. Èmi á mú un lọ, màá tọ́ ọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ọmọ náà. Ẹbí ti pinnu tipẹ́ pé ọkùnrin kì í dá ọmọbìnrin tọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò lọ, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí i. "Dìde, ọmọ mi. À ń lọ sílé."

Ó gé ọwọ́ náà jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó pariwo: "Mi ò lọ! Màmá lọ sílé, wọn ò padà!"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Àwa tí à ń gbé àdúgbò Akpakpa ní Kútọnu, Pobè là ń pè ní ilé. Lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ "kú" létí ọmọdé, a ní ìyá rẹ̀ ti lọ sílé. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá rẹ kò lọ sílé. Wọ́n kú."

"A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé!"

"Mo ti sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sì ní bá yín lọ."

"Ta ni yóò máa di irun rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Kí gbogbo Akpakpa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Kí wọ́n máa ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló padà sí Pobè. Ọmọ náà sunkún títí oòrùn fi yẹ̀. N kò ní kó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu géètì, irun tí mo dì fún un ti wọ́ sápá kan. Mo ní, "Jẹ́ ká lọ sí Akpakpa."

Ó wò mí títí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù mi.