Ajá Tí Kì Í Bu Èèyàn Jẹ

Ajá bàbá onílé wa ní Ìfàkọ̀ kì í bu èèyàn jẹ. Bàbá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, níṣojú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi.

"Eré ló ń bá ẹ ṣe," ni wọ́n wí. "Àbí o sáré ni?"

Mi ò sáré. Ilé iṣẹ́ ọ̀rá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ni mò ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń rìn jẹ́jẹ́ kọjá lẹ́nu géètì. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí ajá yìí ti ń gbó ògiri, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì fẹ́ jẹun. Bàbá ní ooru ló ń mú un.

Kí n tó jókòó, ilé wa ti kún fún dókítà. Ìyá tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa da epo pupa sójú egbò náà. Ẹlòmíì ní irun ajá náà gan-an ni ká sun, ká fi ra ojú egbò náà. Mo béèrè ẹni tó máa lọ fá irun ọ̀hún wá. Gbogbo dókítà sún sẹ́yìn.

Bàbá wá mú káàdì kan jáde. "Ó ti gba abẹ́rẹ́! Wò ó!"

Mo wò ó. Ajá funfun ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó bù mí jẹ dúdú bí èédú.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, kó tó kú," ni Bàbá wí. "Inú ilé kan náà ṣá ni wọ́n gbé."

Áà! Ká ní mo ti mọ̀, àkọ́bí mi nìkan ni ǹ bá máa gbé lọ gba abẹ́rẹ́.

Ìyàwó mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fà mí lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ egbò náà títí apá fi ń ro ó, ó sì mú mi lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yìn ín. Ó ní ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ yí egbò náà ká, ó tún gún mi lápá, ó sì kọ àwọn ọjọ́ tí mo máa padà wá.

"Tí mo bá kọ́kọ́ dúró wò ó ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Ọ̀gá, ọjọ́ tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sóògùn mọ́. Kó tó dé là ń lé e."

Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu mi.

Ó ní kí wọ́n ti ajá náà mọ́ ibì kan, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pe dókítà ẹran. Mo jíṣẹ́. Bàbá tì í mọ́lé lóòótọ́, wọ́n wá ń fọwọ́ ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, ajá náà kú. Dókítà ẹran dé, ó wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó ní òun máa gbé orí rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò.

"Ta ni itọ́ rẹ̀ kàn lára?"

Bàbá wo ìka wọn tó bó. Wọ́n fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ má dúró de èsì o, Bàbá," ni ọkùnrin náà wí.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ kejì, Bàbá ti wà lórí bẹ́ńṣì ṣáájú mi.

"Ṣé ẹ wá kí mi ni, sà?"

"Fítámì ni mo wá gbà."

"Bàbá alájá," nọ́ọ̀sì pè, "ó kàn yín."

Bàbá di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀rín tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yẹn kò jáde mọ́.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Èsì dé: dìgbòlugi ni. Àwa méjèèjì gba abẹ́rẹ́ wa pé, kò sì sóhun tó ṣe wá. Bàbá ti ra ọmọ ajá méjì. Nígbà tí àwọn ọmọ ajá náà pé oṣù mẹ́ta, Bàbá gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́, káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní báyìí, wọ́n ń kọ́ gbogbo àdúgbò bí wọ́n ṣe ń fọ ibi tí ajá bá bu èèyàn jẹ, àfi bí ẹni pé àwọn gan-an ló kọ́kọ́ se ọṣẹ láyé.