Ọrùn Tí A Fi Pamọ́ Sínú Àká

Nígbà tí mo ṣì kéré débi tí ènìyàn lè gbé mi sọ sínú àká ọkà, òyìnbó kan wá sí abúlé wa ní ilẹ̀ Òwórò, lẹ́yìn òkè Lọ́kọ́ja. Dókítà ni, ó ń wádìí àìsàn oorun tí eṣinṣin ẹ̀bá odò ń kó ran ènìyàn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yìn ìgbà ni mo tó mọ ìyẹn o. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Kò kí wa ní “Okun” bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa, kò jókòó. Hausa ni ògbufọ̀ rẹ̀ ń sọ, ohun tó sì yé wa kò ju pé kí gbogbo ilé jáde, kí òyìnbó fọwọ́ kan ọrùn wọn.

Ọrùn kẹ̀! Ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kó wa lẹ́rú kò tíì pẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ojú bàbá àgbà mi báyìí ni wọ́n ti fi okùn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní, “Bí àwọn yẹn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kó àwọn ọmọ pamọ́.” Ni wọ́n bá gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sínú àká, wọ́n fi ìdérí koríko dé wa mọ́bẹ̀.

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó móoru. Eruku ọkà kún mi nímú, mi ò sì gbọdọ̀ sín. Amọ̀ yí wa ká, kò sí ibi tí mo lè na ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn lórí itan mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń sùn báyìí, lóko, nídìí oúnjẹ. A ní ọ̀lẹ ni, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìka mi ń kan àwọn kókó kéékèèké lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Mo gbọ́ bàtà òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ọrùn ẹ̀gbọ́n mi. Bàtà náà dúró díẹ̀, ó sì lọ.

Òyìnbó kò padà wá mọ́. Kí ọkà mìíràn tó gbó, a ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá ì bá wò ó sàn, bóyá kò ní lè wò ó, mi ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé irú rẹ̀ gan-an, ẹni tó ń sùn ṣáá tí kókó sì yọ sí lọ́rùn, ni ó ń wá kiri.

Ayé ti yí padà. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì, ó ń wádìí àìsàn kan náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi ní “Okun o,” ó jókòó sórí ẹní, ó sọ ohun tó ń wá àti ohun tó máa ṣe bó bá rí i, títí ó fi yé mi. Lẹ́yìn náà ló tó ní, “Màmá, ṣé kí n fọwọ́ kan ọrùn yín?”

Mo ṣí ìborùn mi. Nígbà tí omi bọ́ lójú mi, ó rò pé ọwọ́ òun ló dùn mí. Mo ní rárá, kó máa wò ó lọ.