Àsíá Ọjọ́ Ẹtì àti Fúnkẹ́ Tí A Fi Sílẹ̀ Lọ́nà

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo wà ní ìwé kẹrin, nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí ìlà àwọn ọmọ ilé ìwé àdúgbò wa ní ìlú Oǹdó. Òórùn kòkó ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Bí a bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn kíkan kòkó tí àwọn àgbà fi ẹní bò nítorí ìrì ni yóò kí wa, èéfín igi ìdáná ìyá mi yóò sì dà pọ̀ mọ́ ọn. A ó fọ ẹsẹ̀, a ó fi òróró pa á, a ó sì jáde síta láti lọ kó àwọn ọmọ kéékèèké láti ilé dé ilé.

Hẹdimásítà wa ló dá ètò ìlà sílẹ̀. Ilé ìwé jìnnà sí wa, àwọn òbí mìíràn sì ń fi ọmọ wọn pa mọ́ sílé títí yóò fi dàgbà kí ó tó lè rin ọ̀nà náà. Ó wá ní kí àwọn ọmọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa tò ní méjì-méjì, kí ọmọ tó dàgbà jù máa darí wọn pẹ̀lú aṣọ pupa lápá. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìlà tó bá kọ́kọ́ pé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni yóò gba àsíá funfun tí ìyàwó hẹdimásítà rán, wọn yóò sì gbé e yí pápá ká. Tísà yóò pe orúkọ. Tí ẹnì kan bá kù, ìlà kò pé nìyẹn, àfi tí olórí bá sọ pé ara onítọ̀hún kò yá. Ọ̀rọ̀ olórí ni wọ́n ń gbà. Ètò tó dára ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ibi kan ṣoṣo ló ti jò, èmi ni mo sì rí ibẹ̀.

Ìyá mi ló máa ń so aṣọ pupa náà fún mi. Bó ṣe ń so ó ni yóò máa sọ pé, "Bọ́lá, má wo iwájú jù. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni kí o máa wò."

Fúnkẹ́ ni ó wà lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ilé tó kọjú sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń dáko ní Ìjù, nítòsí Àkúrẹ́, kò sì fẹ́ kí ọmọ náà lọ sílé ìwé rárá. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bọ́lá, ọwọ́ rẹ ló wà o. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún mi, tí ohunkóhun bá ṣe é lójú ọ̀nà, òun yóò mú un lọ sóko."

Fúnkẹ́ kì í yára rìn. Bàtà ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ló ń wọ̀, ó sì tóbi jù ú lọ. Gbogbo nǹkan ni ó tún ń dúró wò. "Àǹtí Bọ́lá, ṣé Àkúrẹ́ ni mọ́tò yẹn ń lọ? Àǹtí Bọ́lá, kí ni káfíńtà yẹn ń kàn?" Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta la pàdánù àsíá. Àwọn ọmọ àdúgbò kejì á ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀ o, ìlà ìgbín. Ṣé ẹ sùn lọ́nà ni?" Mojí, tó tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ orí, sọ ọ́ sí mi létí pé, "A ò ní gba àsíá láé tí ọmọ yìí bá wà pẹ̀lú wa." Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹrin, òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ẹrẹ̀ gba bàtà Fúnkẹ́ kan. Bó ti bẹ̀rẹ̀ tí ó ń fà á ni a gbọ́ aago àkọ́kọ́ ilé ìwé láti òkèèrè.

Mo ní, "Fúnkẹ́, dúró síbí kí o fọ bàtà rẹ. A ń padà bọ̀ wá mú ọ."

"Ṣé ẹ ò ní pẹ́?"

"A ò ní pẹ́."

A sáré. Lẹ́nu ọ̀nà, tísà pe orúkọ títí ó fi kan tirẹ̀. Mo ní, "Ara rẹ̀ kò yá, sà. Ibà ni." Kò sí ẹnì kankan nínú ìlà wa tó wo ojú mi. A gba àsíá, èmi ni mo gbé e yí pápá ká, gbogbo ilé ìwé sì pàtẹ́wọ́.

Káfíńtà sọ lẹ́yìn náà pé ọmọ náà dúró títí oòrùn fi là, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. Ó pè é kí ó wọlé wá jókòó, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní rárá, Àǹtí òun ní kí òun dúró síbẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó gbéra láti wá ilé ìwé fúnra rẹ̀, ó sì ṣìnà. Nígbà tí a délé lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ wà lójúde. "Bọ́lá, ọmọ mi ńkọ́?" Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i ní gáréèjì, àfọ́kù ìgò ti gé e lẹ́sẹ̀, ó ń bi àwọn awakọ̀ léèrè èwo ló ń lọ sílé ìwé.

Bàbá rẹ̀ dé lọ́jọ́ Àìkú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. "Mo ti sọ ọ́," ni gbogbo ohun tó wí. Nígbà tí wọ́n ń gbé ẹrù Fúnkẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì láti mú un lọ sí Ìjù, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò sunkún. Ó ní, "Mo dúró o, Àǹtí. Ẹ ò wá."

Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ hẹdimásítà kí n jẹ́wọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ti ń wá déédéé." Wọn kò gba àsíá lọ́wọ́ wa. Ìyá mi kò so aṣọ pupa náà fún mi mọ́. Èmi ni mo ń so ó fúnra mi títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà.

Mo di tísà, mo sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, mọ́tò ló ń gbé àwọn ọmọ àdúgbò Alágbàká wá, ọ̀kadà ló ń kó àwọn ti ọ̀nà Oda, mẹ́ta lórí ọ̀kan. Mo gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ń gbà wọ́n níyànjú. Ìtàn àsíá náà ni. Ọdún dé, ọdún lọ, mo ń dúró níwájú àwọn ọmọ, mo ń sọ bí mo ṣe darí ìlà wa ní Oǹdó tí a sì gba àsíá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mi ò dárúkọ Fúnkẹ́ rí.

Ní ìpàdé òbí kan, obìnrin kan dìde. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn ọmọ ńlá tí ẹ ní kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ wa wá yìí, ṣé wọ́n máa dúró de àwọn kékeré?"

Mo ní, "Wọ́n máa dúró, ìyá. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa máa ń dúró."

Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ rìn. Nǹkan kan kò ṣe ọmọ náà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo dáàbò bò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn purọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà yìí pa irọ́ kan náà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ó bá jẹ́ pé èmi ni yóò fún àwọn méjèèjì ní máàkì, ọmọ náà ni yóò ṣe dáadáa jù. Láti Àkúrẹ́ sí Ìjù, ọkọ̀ kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Mi ò lọ rí.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa rìn lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọmọ tó dàgbà jù sẹ́yìn ìlà, kí ẹ sì yin ìlà tó bá pé, bí aago tilẹ̀ ti lù. Nígbà tí ẹ bá sì ń ròyìn fún àwọn ọmọ-ọmọ yín bí a ṣe ń fẹsẹ̀ rìn láyé ìgbà náà, ẹ má ṣe sọ ti àwọn tó débẹ̀ nìkan.