Sányán tí Àlàájà Bá Mi Sè

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn mi ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí mo dágbére fún. Láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti kú, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń pín àfòpiná sí ìdílé-ìdílé, èmi nìkan ló kù nínú yàrá kòkòrò wa ní yunifásítì. Wọ́n sì ti ní kí n kó ẹrù ibẹ̀ kúrò. Àpótí kòkòrò tó bá lórúkọ lára, wọn yóò tọ́jú rẹ̀; èyí tí kò bá ní, dídànù ni. Àpótí kan ṣoṣo ni kò ní: ti àfòpiná sányán, tí à ń fi òwú ilé rẹ̀ hun aṣọ, tí ọ̀gá mi ṣà gbẹ̀yìn nínú igbó. Bóyá ìdílé Anaphe ni wọ́n, bóyá Epanaphe tó jọ ọ́ bí ìbejì, n kò mọ̀. Ìdí akọ, ibi tó fi ń gun abo, ni a fi ń dá wọn mọ̀, kòkòrò mìíràn sì ti jẹ ìdí ọ̀hún tán, ó ku ìyẹ́ àti ilé wọn.

Àwọn ahunṣọ a máa fi omi eérú se ilé sányán kó lè rọ̀ kí wọ́n tó ran án, nítorí náà ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í jáde láàyè. Mo wá gbọ́ pé ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan ń gba tútù, èyí tí a kò tíì sè, láti inú igbó kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi forí lé Èkó: tí akọ bá jáde láàyè, n óò rí ìdí rẹ̀ wò.

Náírà kan ààbọ̀ ni mọ́tò gbà. Ọ̀nà Ṣágámù kún fún kòtò, a sì ń fò sókè bí àgbàdo inú agbada. Awakọ̀ bi mí ohun tí mo ń lọ ṣe, mo sọ fún un.

"Bùrọ̀dá, labalábá lẹ ń lọ wá l'Ékòó? Ṣé t'Ìbàdàn ti tán ni?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ní Ìdúmọ̀tà mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí ata rẹ̀ dúdú. Àwa kì í jẹ irú rẹ̀ nílé. Ìsàlẹ̀ Gángan há débi pé ẹlẹ́rù méjì kò lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò pọ̀ bí omi, n kò sì mọ ẹnì kankan. Ìdánìkanwà tó wà nínú èrò le ju ti inú yàrá lọ.

Àlàájà, ìyá tí mo wá rí, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ti pẹ́ l'Ékòó, gbé ilé sányán kan tí ọ̀pọ̀ kòkòrò jọ ń gbé inú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èyí tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbétí sí i."

Nǹkan ń ha inú rẹ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ jáde! Inú mi dùn. Mo ní bó ṣe wà ní tútù yẹn gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Òjò wá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ sùn síbí. A kì í lé àlejò sínú òjò. Ìyàwó yín á ti máa retí yín, àbí?"

"N kò ní ìyàwó, mà."

Òórùn omi eérú ló jí mi. Àlàájà ti kírun àsùbá, ó ti dáná, ó ń ro ìkòkò.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti bá yín sè é. Ẹ ní tútù lẹ fẹ́, mo mọ̀ pé ojú ló ń tì yín láti bẹ̀ mí. Ta ni ì bá bá yín sè é nílé? Alihamudulilai, ó ti rọ̀."

Ara mi rọ ju sányán lọ. Ó wo ojú mi.

"Àbí mo ṣe ohun tí ò dáa?"

"Rárá, mà. Ẹ ṣeun."

Mo fi ìwé ìròyìn dì í, mo wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn.

Nílé, ó ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ nù. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ tú u wò. Àwọn àfòpiná ti pé nínú awọ wọn, ìyẹ́ nìkan ni kò tíì nà. Mo rántí nígbà náà pé àwa náà, tí a bá fẹ́ wo ìdí akọ, omi tó ta bíi ti eérú la fi ń sè é, kí ọ̀rá àti ẹran lè yọ́, kí ó ku èèpo líle rẹ̀ wẹ́wẹ́. Àlàájà ti bá mi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo fi ìdí akọ kan sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Anaphe ni!

Mo kọ orúkọ náà sára àpótí ọ̀gá mi, mo sì jókòó, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí àfòpiná. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jí ní ìdájí nítorí mi.