Ìbàdí Tó Máa San

Lẹ́yìn òmìnira, bàbá kan ní Kèrè ló ń to eegun ìbàdí. Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, á kọ́kọ́ bi í: “Tó bá san, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ẹni tó bá dáhùn pé òun kàn fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́, á ní kò lè san.

Ìyá mi àgbà, arúgbó tí kì í pa Mísà jẹ, dáhùn níṣojú mi: “Mo fẹ́ gun òkè lọ bú orogún mi. Tí mo bá ń bú u láti ìsàlẹ̀, atẹ́gùn ń gbé ìdajì lọ.”

“Èyí á san,” ni bàbá wí.

Ó sì san. Ó gun òkè, ó bú u tẹ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, orogún tó ti pẹ́ tó ń tiro ránṣẹ́ pe bàbá: òun náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá fèsì.