Ọmọ Ajá Ibùdó

Ó di ọdún kẹwàá tí àwọn ìlú Rẹ́mọ ti kó ara wọn jọ sí Ṣàgámù nítorí ogun, ẹ̀rù kò sì tíì kúrò lára wọn. Bí igi gbígbẹ bá ṣẹ́ lẹ́yìn odi, wọn a ní ọ̀tá ni. Bí àlejò bá wọlé, wọn a bi í ní ìran rẹ̀ kí wọ́n tó bi í bóyá ó ti jẹun. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Mọ́rọ́nfọ́lá, opó tó ń ta obì ní àdúgbò Màkún, mú ọmọ ajá ibùdó wọ̀.

Láti ibùdó ogun ni ìyá ajá náà ti tẹ̀ lé àwọn jagunjagun wálé. Abilà ni, etí rẹ̀ kúrú. Gbogbo ìlú gbà pé ajá abilà tí a bá bí ní ibùdó ti jẹ òkú èèyàn, àti pé ìfẹ́ ẹran náà a máa bá ọmú wọ inú ọmọ. Kò sí ẹni tó rí i níbi tó ti ń jẹ òkú. Kò sì sí ẹni tó bèèrè. Ó bí ọmọ méje lẹ́nu ibodè, ó kú. Àwọn kan náà tó ń tutọ́ nígbà tí wọ́n bá rí ìyá ni wọ́n pín àwọn ọmọ, torí pé eku ń jẹ iṣu wọn lóko. Márùn-ún lọ sí oko. Ògúnrìndé oníbodè mú ọ̀kan, Mọ́rọ́nfọ́lá mú ìkeje.

Ó sọ tirẹ̀ ní Kílẹńwí, nítorí àwọn ìyàwó ilé ọkọ rẹ̀ tí ẹnu wọn kì í kúrò lára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a bọ́ síta, a kígbe pé, "Kílẹńwí! Kílẹńwí o!" Ajá á sáré wá, àwọn tó ni ọ̀rọ̀ á sì dákẹ́. Láàárín agbọ̀n obì àti ewé gbòdògí ni ajá náà ti dàgbà. Ó ń lá ìdí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fà á létí, wọ́n ń fi ikùn rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ.

Ti Ògúnrìndé kò tíì la ojú dáadáa tí wọ́n fi so ó mọ́ òpó ibodè. Ata ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè máa gbóná. Ẹni tó bá ń kọjá ni Ògúnrìndé máa ń ní kó fi igi gún un, kó lè mọ àlejò.

"Ajá ibodè ni," ni ó máa ń wí. "Èmi ò gbé e pọ̀n."

Lọ́jọ́ ọjà kan, okùn já. Ajá náà fa ẹran ẹsẹ̀ Àlíyù ya, Àlíyù tó ń ra obì kiri, tí ilé rẹ̀ bá ti Mọ́rọ́nfọ́lá pín ògiri kan náà. Ògúnrìndé fi àdá pa ajá náà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì gbẹ tó fi rí ọ̀rọ̀ tí yóò gbà á là.

"Ìran wọn ni," ó wí. "Kí ni mo fẹ́ ṣe sí ẹ̀jẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wúlò fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wọn ni pé, bí ó bá jẹ́ ọwọ́ olówó ajá ló ba ajá jẹ́, òun ni yóò máa ro oko ẹni tí ajá bù jẹ títí onítọ̀hún yóò fi lè dìde rìn. Bí ó bá jẹ́ ìran ni, kò sí ẹni tó jẹ̀bi, àfi ajá. Baba Fádáhùnsí, olórí àdúgbò, kò fẹ́ bá oníbodè ṣe ọ̀tá. Ó ní ìran ni. Ó ní nígbà tó bá di ọjà kẹta, òun yóò wá wo Kílẹńwí fúnra òun, torí ajá náà nìkan ló wà nínú ìlú nínú àwọn tó kù. Bí ó bá fi eyín han èèyàn, wọn yóò pa á, wọn yóò sì ránṣẹ́ sí oko kí wọ́n pa márùn-ún yòókù.

Mọ́rọ́nfọ́lá kò kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan kan. Ó mọ ajá rẹ̀. Àfi ìgbà tí Hàbíbátù, ìyàwó Àlíyù, yọjú lórí ògiri.

"Ìyá olóbì, mi ò ní kí ẹ má sin ajá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú yẹn ń ro nǹkan."

"Oúnjẹ ló ń rò."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn."

Mọ́rọ́nfọ́lá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Hàbíbátù lọ tán, ó yíjú wo ajá náà, ó sì pẹ́ lórí wíwò ọ̀hún. Ajá náà yán. Eyín rẹ̀ funfun, ó gùn. Ṣé bí ó ṣe gùn tó rí nìyí?

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́rọ́nfọ́lá kò ti rí ìsinmi mọ́. Bí ajá bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àyà rẹ̀ á já pé ó ń pète. Bí ó bá fò sókè, àyà rẹ̀ á já pé ó ti dé. Ó ń bó obì, ó ń gé èékánná ara rẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n dá ọjọ́, ọmọ kan sáré kọjá, Kílẹńwí sì lé e bó ti máa ń ṣe, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Mọ́rọ́nfọ́lá pariwo bí ẹni pé ilé ń jó. Ó wá okùn, ó so ajá náà mọ́ ilé ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní kí ọjà kẹta ṣáà kọjá, òun yóò tú u.

Ajá tí a kò so rí kò mọ okùn. Ó gbó. Mọ́rọ́nfọ́lá rò ó pé wọn yóò gbọ́ ọ lókè ògiri, ó nà án. Ó tún gbó, ó tún nà án. Ẹnì kan sọ fún un lọ́jà pé ajá tí ebi ń pa kì í lágbára ìjà, ó sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ó ta ẹní bo ẹnu ọ̀nà ilé ewúrẹ́ kí ojú àwọn tó ń kọjá má baà tó o. Inú òkùnkùn ni ajá náà wà lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, kò ju ìrù mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, Mọ́rọ́nfọ́lá ti oúnjẹ sábẹ́ ẹní, ó gbọ́ kíkùn kan tí kò gbọ́ rí lọ́fun rẹ̀.

Ó fà sẹ́yìn. "Ó ti ń jáde," ó wí fún ara rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń jáde."

Òun fúnra rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, ló sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, ó mú àdí lọ́wọ́ kó lè fi pa ibi tí okùn ti bó ajá náà lọ́rùn, kí àwọn àgbà má baà rí i. Ó ká ẹní kúrò. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ọrùn náà: irun ti pá yípo, awọ ti pọ́n. Ó rántí ọrùn kan tó rí bẹ́ẹ̀. Ó rí i lára òkú ajá tó nà gbalaja lẹ́nu ibodè, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Àlíyù wọlé. Ó dá àdí sílẹ̀. Ó ṣì ń wá bí yóò ṣe tú kókó okùn náà nígbà tí ó gbọ́ ohùn Baba Fádáhùnsí níta.

"Mọ́rọ́nfọ́lá! Mú un jáde ká rí i."

Wọ́n ti kún àgbàlá: Baba Fádáhùnsí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Ògúnrìndé pẹ̀lú àdá, Hàbíbátù àti àwọn ará ilé. Ó fa ajá náà jáde. Oòrùn gún un lójú, ó ba mọ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mọ́rọ́nfọ́lá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí i bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí gbogbo wọn lè rí i.

Kílẹńwí bù ú jẹ. Eyín wọlé sí àtẹ́lẹwọ́, ó ya á.

"Ẹ ò rí i!" Ògúnrìndé fò sókè. "Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ! Ẹ̀jẹ̀ ibùdó nìyẹn! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

"Má fọwọ́ kàn án." Mọ́rọ́nfọ́lá kò dìde. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ilẹ̀. "Baba, ẹ bi mí léèrè kí ẹ tó pa á. Ọdún méjì ni mo fi sin ajá yìí. Ta ló bù jẹ?"

Baba Fádáhùnsí fi ọ̀pá rẹ̀ dá Ògúnrìndé dúró.

"Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ẹ dá ọjọ́ ni mo so ó. Mo nà án. Mo febi pa á. Mo tì í mọ́ òkùnkùn. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọwọ́ yìí nìkan ló ń rí. Ọwọ́ yìí náà ló bù jẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ó gbé okùn náà sókè. "Ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ṣé ti ibodè ò rí bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa là ń kọjá níbẹ̀. Gbogbo wa la rí ata, a rí igi, a ò wí nǹkan kan."

"Obìnrin yìí ti ya wèrè," ni Ògúnrìndé wí.

Hàbíbátù ló kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe fún oko ọkọ rẹ̀. "Baba, òótọ́ ni," ó wí kíákíá. "Orí ikùn ajá yìí làwọn ọmọ mi ti ń sùn. Mo lè búra." Lọ́jọ́sí, ojú ajá náà ń ro nǹkan. Lónìí, ó ti di ìrọ̀rí. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn náà rí ata, àwọn náà rí igi.

Baba Fádáhùnsí wo ojú àwọn èèyàn, ó wo oníbodè, ó sì yan ẹ̀gbẹ́ tó pọ̀ jù. Ó ní Ògúnrìndé yóò máa ro oko Àlíyù títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi jinná. Ó ní kí wọ́n fi àwọn ajá oko sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí Mọ́rọ́nfọ́lá.

"Ìwọ fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́. Ajá tí ọwọ́ rẹ bà jẹ́ kò gbọdọ̀ sùn nínú odi yìí. Yálà o pa á, tàbí kí ẹ̀yin méjèèjì máa lọ."

"A ó lọ, Baba."

Lọ́jọ́ kejì, ó ru agbọ̀n obì kan, ó gba ọ̀nà Akaka, níbi tí ọkọ rẹ̀ fi ahéré kan sílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n fi odi sílẹ̀ díẹ̀, ó gé okùn náà, ó jù ú sí igbó. Ajá náà kò sá lọ, kò sì sún mọ́ ọn. Bí Mọ́rọ́nfọ́lá bá rìn, ó ń tẹ̀ lé e láti òkèèrè. Bí ó bá dúró, ajá náà á dúró. Bí ó bá na ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì náà, ajá náà á sún sẹ́yìn, á fi eyín hàn. Lọ́sàn-án, Mọ́rọ́nfọ́lá bu ẹ̀kọ sórí ewé, ó gbé e kalẹ̀ sójú ọ̀nà, ó rìn lọ síwájú títí ó fi jìnnà tó, kò bojú wẹ̀yìn, kí ajá náà lè rí àyè wá jẹ ẹ́.